Kí a tó kọ́ àká mìíràn, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí lè kọ́kọ́ dún létí yín bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dópin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, pàápàá jù lọ ẹ̀yin àgbà tó wà lábúlé àti ní àwọn ìlú kéékèèké. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àpótí tí àwọn ọmọ wa ń kó fọ́tò, fọ́nrán àti ohùn àwọn ará ilé pamọ́ sí, tí ó ti wá kún báyìí, tí wọ́n sì ń wá owó tí wọn yóò fi ra kún un.

Láyé àtijọ́, inú álíbọ́ọ̀mù ni fọ́tò ń wà. Ohùn bàbá àgbà wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, fídíò ìsìnkú wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí fóònù alágbèéká tó ń ya àwòrán dé, nǹkan yí padà. Àwọn ọmọ wa kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n ra àpótí kékeré kan sílé, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní sáfà. Nínú àpótí yìí ni háàdì dísìkì méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Gbogbo fóònù inú ilé lè fi àwòrán ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó wà ní Lọndọnu àti Amẹ́ríkà ń lò ó, àwọn kan ní Èkó àti Ìbàdàn náà ti ní in, àwọn ayàwòrán òde àríyá sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Kò sí àpótí tí kì í kún. Ní ọdún 1956 tí ilé iṣẹ́ IBM gbé háàdì dísìkì àkọ́kọ́ jáde, àádọ́ta àwo ńláńlá ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 lẹ́tà péré ló gbà. Fọ́tò kan tí fóònù òde òní yà lè má lè wọ inú rẹ̀ tán. Lónìí, háàdì dísìkì tí kò tóbi ju ìwé kékeré kan lọ lè gba 20 térábáìtì, ó tilẹ̀ ti wà tó gbà ju 30 lọ. Térábáìtì kan ṣoṣo gba nǹkan bí 250,000 fọ́tò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 4. Ẹ wá bi mí pé, kí ló wá dé tí àpótí fi ń kún? Fọ́nrán ni. Wákàtí kan fọ́nrán tó mọ́ kedere lè jẹ gígábáìtì 4 sí 10. Òde kan ṣoṣo, ayàwòrán mẹ́ta, láti ìdáná títí dé ìgbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn: ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ tún fi ti fọ́tò kan náà tí èèyàn mẹ́wàá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kún un.

Nígbà tí àpótí bá kún, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn àwọn ọmọ wa ni pé kí wọ́n ra háàdì dísìkì sí i. Èmi kò sọ pé ó burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀dà kejì, tí yóò wà ní ilé mìíràn, ni kí a kọ́kọ́ fi owó náà ṣe. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣa ohun tó wà nínú àpótí. Ẹ̀yìn náà ni kí a tó sọ̀rọ̀ fífi kún un.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ sì mọ ohun tí mo ń bá bọ̀. Bí àká àgbàdo bá kún, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í sáré lọ gé igi tí yóò fi kọ́ òmíràn. Yóò kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, bóyá kòkòrò ti wọ ìdajì rẹ̀. Bákan náà, kò sí àgbẹ̀ tó gbọ́n tí yóò kó gbogbo èbù iṣu rẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé bí iná ìgbẹ́ bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí àgbẹ̀ fi ń tọ́jú èbù yìí, òun gan-an ni ó yẹ ká máa fi tọ́jú fọ́tò àti ohùn àwọn èèyàn wa.

Àwọn ọmọ yóò sọ pé, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, àpótí wa ní RAID, bí háàdì dísìkì kan bá kú, kò sí ohun tó máa sọnù." Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ní 1988 ni àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, gbé ìwé jáde lórí ọgbọ́n yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní èèyàn mẹ́ta dá àjọ: ọ̀kan dá naira 3,000, èkejì dá 5,000, ẹ̀kẹta dá 4,000. Alájọ kọ ti oníkálukú sínú ìwé tirẹ̀, ó sì kọ àpapọ̀ rẹ̀, 12,000, sínú ìwé kẹrin. Bí ìwé ẹnì kejì bá sọnù, kò sí wàhálà. Ẹ yọ 3,000 àti 4,000 kúrò nínú 12,000, ẹ ó rí 5,000 rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí ìwé méjì bá sọnù lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Kò sí ìṣirò tó lè mú un padà mọ́. Bí háàdì dísìkì mẹ́rin ṣe ń ṣe nínú àpótí nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ térábáìtì 4, àpapọ̀ wọn jẹ́ 16, ṣùgbọ́n 12 péré ni ẹ ó lè lò, nítorí pé àyè ọ̀kan ti lọ fún ìṣirò àpapọ̀ yẹn.

Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀dà. Bí olè bá gbé àpótí náà lọ, gbogbo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé lọ pọ̀. Bí àrá bá sán tí iná sì ya wọ inú rẹ̀, bí ilé bá jó, bí omi bá ya wọlé, ohun kan náà ni. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì pa fọ́tò ìyá àgbà rẹ́, àpótí náà yóò tẹ̀lé àṣẹ tí wọ́n fún un, yóò sì pa á rẹ́ lórí gbogbo háàdì dísìkì ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọlé tí wọ́n ti gbogbo fáìlì pa kí wọ́n lè gbowó, bákan náà ni. Ẹ lè fi háàdì dísìkì ogún kún un, kò ní yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n bá dí ọ̀nà náà ni yóò mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè South Korea. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ láti ara bátìrì ní ilé ìpamọ́ kọ̀ǹpútà ìjọba wọn ní ìlú Daejeon. Àpótí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó iṣẹ́ wọn sí, térábáìtì 858 ló wà nínú rẹ̀. Ó jóná. Kò sì ní ẹ̀dà kankan níta, nítorí wọ́n ní ó ti tóbi jù. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa o! Wọ́n ń fẹ àpótí náà lójú, ó ń gba ẹrù sí i, títí ó fi tóbi débi pé kò sí ẹni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ìjọba tó lówó, tó sì ní ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ṣe ẹni tó gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀?

Ti àwọn Pixar, tó ń ṣe fíìmù àwòrán ní Amẹ́ríkà, tún wà níbẹ̀. Ní 1998, nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnì kan ṣèèṣì pa àṣẹ tó ń nu fáìlì, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lójú wọn. Wọ́n sáré lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà sí, wọ́n bá a pé ẹ̀dà náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó kó wọn yọ ni pé obìnrin kan nínú wọn, Galyn Susman, tó bímọ tuntun tó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́, ní ẹ̀dà kan nínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ẹ̀dà tó wà ní ilé mìíràn ló gbà wọ́n, ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí wò rí kò yàtọ̀ sí àgbá òfìfo.

Àmọ́ kò yẹ ká lọ sí òkè òkun kí a tó rí ẹ̀kọ́ kọ́. Gbogbo wa la mọ ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní Ọ̀yọ́. Ní 1897 ló parí rẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì gbé sọnù. Ọdún 1901 ni Johnson jáde láyé láì fi ojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún gbogbo ìwé náà kọ. Ní 1916, wọ́n tún fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Appam. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun nítorí ogun, ó di Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó tún gbúròó ìwé náà. Ní 1921 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí kò bá jẹ́ ti àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù sílé ni, mélòó nínú ohun tí a mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ì bá ṣì wà lọ́wọ́ wa? Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà, ẹ̀dà kejì ni ó yọ wá.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí ló kan àpótí inú ilé, ṣebí èèyàn lè sanwó fún Google tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ dára fún díẹ̀ nínú ẹrù wa. Ṣùgbọ́n gígábáìtì 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó bá lé, owó ni lóṣooṣù, kò sì sí ẹni tí kò mọ bí owó dátà ṣe rí. Ọjọ́ tí owó bá tán lọ́wọ́ ọmọ tó ń san án ńkọ́? Yàtọ̀ sí èyí, ilé ńlá náà máa ń wó. Ní 2019, ilé iṣẹ́ MySpace jẹ́wọ́ pé orin tí àwọn èèyàn ti gbé sọ́dọ̀ àwọn fún ọdún méjìlá ti sọnù nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn. Nítorí náà, ẹ fi í ṣe ọ̀kan nínú ibi ìpamọ́, ẹ má fi ṣe ẹyọ kan ṣoṣo.

Bí ẹ̀dà kejì bá ti wà nílẹ̀, tí a ti ṣa ẹrù, tí àyè kò sì tíì tó, a lè wá sọ̀rọ̀ háàdì dísìkì tuntun. Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ̀yin tí ẹ ń fowó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bi àwọn ọmọ léèrè.

Èkíní, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àwọn tó wà níbẹ̀ mu? Nínú ọ̀pọ̀ àpótí RAID, ẹni tó kéré jù ni wọ́n fi ń wọn gbogbo wọn. Ẹ fi háàdì dísìkì térábáìtì 8 sáàárín àwọn onítérábáìtì 4, bíi 4 ni yóò ṣe wúlò, ìyókù owó yín ti wọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ètò kan wà tó lè lo ìyàtọ̀ náà, ẹ béèrè bóyá tiyín wà lára wọn.

Èkejì, ṣé àpótí náà gbà kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un? Ètò kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́ràn, ZFS ni orúkọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ṣeé ṣe láti fi háàdì dísìkì kan kún ẹgbẹ́ RAID tí ẹ ti dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni OpenZFS 2.3 tó jáde tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á láyè.

Ẹ̀kẹta, irú háàdì dísìkì wo ni? Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ nǹkan sórí wọn bí ìgbà tí páànù òrùlé bá gun ara wọn léjìká. SMR ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù kan láàárín, ó di dandan kó tú èyí tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fà bí ìgbín nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ní 2020, Western Digital gbà pé irú èyí wà lára àwọn háàdì dísìkì Red tí àwọn ń tà fún àpótí ilé, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti pariwo.

Ẹ̀kẹrin, ìgbà tí a bá ń fi tuntun kún tàbí tí a bá ń pààrọ̀ èyí tó kú ni ewu pọ̀ jù. Gbogbo àwọn tó ti gbó ni yóò máa ṣiṣẹ́ kárakára fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn ju ọjọ́ kan lọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n, ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Bí òmíràn bá lọ kú lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ alájọ tó sọ ìwé méjì nù ti dé nìyẹn. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà kejì kò gbọdọ̀ dán iṣẹ́ yìí wò rárá.

Ẹ̀karùn-ún, iná ńkọ́? Háàdì dísìkì mẹ́jọ tó ń yí yóò jẹ iná bíi gílóòbù 60 wáàtì kan tí ẹnikẹ́ni kò pa tọ̀sán tòru. Ìnfátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé e. Iná tó bá sì lọ lójijì nígbà tí àpótí ń kọ̀wé lè ba fáìlì jẹ́, nítorí náà bátìrì tí yóò gbà á dúró títí yóò fi pa ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Owó bátìrì yìí ṣe pàtàkì ju owó háàdì dísìkì karùn-ún lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ti ń sọ lọ́kàn wọn pé gbogbo èyí kò kan àwọn. Ó kàn yín, ẹ̀yin gan-an ló kàn jù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọmọ ní àpótí, àmọ́ ta ló mọ obìnrin tó wọ ṣányán nínú fọ́tò dúdú àti funfun yẹn? Ta ló mọ̀ pé ọkùnrin tó dúró ti kẹ̀kẹ́ ni ó ra ilẹ̀ tí ẹbí ń dáko lé lórí? Ẹ̀yin ni. Ọjọ́ tí ẹ̀yin bá lọ, fọ́tò náà yóò ṣì wà nínú àpótí, yóò máa gba àyè, ṣùgbọ́n yóò ti di fọ́tò ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọmọ ọmọ yín yóò sì pa á rẹ́ nígbà tí àpótí bá tún kún, kò ní mọ̀ pé baba ńlá òun ni òun pa rẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Nígbà tí àwọn ọmọ bá wálé fún ọdún, ẹ ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú yín. Ẹ dárúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ dárúkọ ìlú àti ọdún, kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Níbi tí fọ́tò kan náà bá ti wà lọ́nà mẹ́wàá, kí wọ́n mú èyí tó mọ́ jù, kí wọ́n nu mẹ́sàn-án. Wákàtí mẹ́fà fọ́nrán ijó àti ìnáwó, ẹ ní kí wọ́n mú ogún ìṣẹ́jú tó nítumọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnu yóò yà yín bí àyè yóò ṣe ṣí sílẹ̀ láì ra ohunkóhun. Kí wọ́n wá kó àwọn tí ẹbí kò lè pàdánù sórí háàdì dísìkì kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé e fún ọmọ tó ń gbé ní ìlú mìíràn, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ òfin yìí di mímọ̀: ẹ̀dà 3, sórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 wà ní ibòmíràn. Kí ẹ sì rí i pé ọmọ méjì ó kéré tán mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àpótí náà, nítorí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá olówó rẹ̀ wọ ilẹ̀ ti di pósí kejì.

Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n bá ní àwọn ṣì ń fẹ́ owó háàdì dísìkì, ẹ fún wọn bí agbára bá gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ẹ̀dà kejì dà? Ilé ta ló wà? Ìgbà wo lẹ ṣí i wò kẹ́yìn?" Bí wọn kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ di owó yín mú.